Omi ọmú ìtọrẹ fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé: láti ọwọ́ ìyá tó fún un títí dé inú ọmọ

Ọmọ tó wọn 1,200 gíráàmù nígbà tí wọ́n bí i kò nílò ju nǹkan bíi 24 ml omi ọmú lọ ní odindi ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣíbí oògùn tó ń gba 5 ml, kò tó márùn-ún. Ọ̀nà 12 ni wọ́n máa pín in sí, 2 ml ní wákàtí méjì-méjì. Nítorí pé ó kéré báyìí, àwọn ẹbí máa ń rò pé wàrà agolo díẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan, pé kí wọ́n ṣáà fi gbé ọmọ ró títí omi ọmú ìyá rẹ̀ yóò fi dé. Ó lè ṣe nǹkan o. Ìfun ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ 28 tàbí 30 kò tíì gbó: ara rẹ̀ ṣì fẹ́lẹ́, kòkòrò ń ráyè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀, kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ti oúnjẹ síwájú dáadáa. Àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní NEC ló máa ń yọjú níbẹ̀. Ikùn ọmọ á wú, apá kan nínú ìfun á kú, nígbà mìíràn á lu, ó di iṣẹ́ abẹ. Bí a bá fi ọmọ tó ń mu wàrà agolo wé èyí tó ń mu omi ọmú tí ìyá mìíràn fi tọrẹ, ewu NEC fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì lára ti wàrà agolo.

Ohun tí omi ọmú ìtọrẹ wà fún gan-an nìyẹn. Kò wà láti mú ọmọ sanra, kò sì wà láti gba ipò ìyá rẹ̀. Ó ń ṣọ́ ìfun ọmọ fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé jáde ní 2022 fi omi ọmú ìyá tó bí ọmọ ṣáájú. Bí kò bá sí, a lè lo ti ìtọrẹ fún ọmọ tí wọ́n bí kí ọ̀sẹ̀ 32 tó pé tàbí tí kò tó 1,500 gíráàmù.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn tó ní báńkì omi ọmú (ibi tí wọ́n ti ń kó omi ọmú ìtọrẹ jọ, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀), tí kò sì sẹ́ni tó ń jókòó ti ìyá kó lè fún ọmú, ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà tí ó bá bímọ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni kí ó sì fi fún un ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, nítorí pé inú rọ́bà ẹ̀rọ ni ìwọ̀nba ẹ̀kán tó bá jáde máa lẹ̀ mọ́. Kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Àtàńpàkò lókè, ìka méjì nísàlẹ̀, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí orí ọmú. Kí ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn síhà àyà, kí ó fún un pọ̀, kí ó tú u sílẹ̀, kí ó tún un ṣe. Kí ìka má máa yọ̀ lórí awọ, ìyẹn ló ń bó ara. Bí ibì kan bá gbẹ, kí ó yí ọwọ́ ká. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹjọ láàárín wákàtí 24, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ sì bọ́ sí àárín òru, torí òru ni ara ń tú èròjà tó ń ṣe omi ọmú jáde jù. Ìyá tó bá sùn mọ́jú ní gbogbo òru ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè rí i pé omi ọmú òun kéré ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Omi ọmú ọjọ́ àkọ́kọ́, èyí tó ki tó sì pupa rúsúrúsú, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò. Sírínjì 1 ml ni kí ẹ fi fà á láti orí ọmú. Bí wọn ò bá tíì gba ọmọ láyè láti mu nǹkan kan, 0.1 ml ni wọ́n á fi kan inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún, 0.1 ml lápá òsì, ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta. Bó bá fi máa di ọjọ́ kẹrìnlá, 500 ml lóòjọ́ ni kí ìyá ti máa rí fún. Ìyá tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá fínra, omi ọmú rẹ̀ lè pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin kó tó dé. Kò túmọ̀ sí pé kò lọ́mú. Àlàfo ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ti ìtọrẹ ń dí. Kí wọ́n sì gbé ọmọ lé e láyà, ara kan ara, ní kété tí ó bá ti ṣeé ṣe. Ó máa ń mú ọmú wá.

Ẹni tó máa tọrẹ ńkọ́? Ìyá tí ọmọ tirẹ̀ ń mu àmuyó tó sì ń ṣẹ́ kù ni. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún HIV, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti C, HTLV (fáírọ́ọ̀sì mìíràn tó lè gba inú ọmú ran ọmọ) àti sífílísì. Wọ́n á bi í nípa oògùn tó ń lò, àti àgbo pẹ̀lú. Bó bá ń mu sìgá, wọn ò ní gbà á.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń kó o jọ, orílẹ̀-èdè Brasil ni mo máa ń tọ́ka sí, torí pé ohun èlò olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi gbé tiwọn ró. Báńkì wọn àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Rio de Janeiro ní 1943. Láti 1985 ni Fiocruz, ilé ìwádìí ìlera ti ìjọba wọn, ti tún gbogbo rẹ̀ tò, ó ti lé ní 200 báńkì lónìí. Ìgò kọfí onídèérí ike ni ìyá ń lò nílé. Wọ́n á bó bébà ara ìgò, wọ́n á yọ páálí inú ìdérí, wọ́n á sè é fún ìṣẹ́jú 15 láti ìgbà tí omi bá ti ń hó, wọ́n á wá dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí aṣọ mímọ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Aṣọ inùwọ́ ò gbọdọ̀ kàn án nínú. Ìyá á di irun rẹ̀, á fi aṣọ bo imú àti ẹnu, kò ní máa sọ̀rọ̀ bó ṣe ń fún un, á sì da àwọn ẹ̀kán tó kọ́kọ́ jáde nù. Bí ìgò kò bá kún, á gbé e sínú fírísà. Bó bá tún fún òmíràn, inú kọ́ọ̀bù gíláàsì tí wọ́n ti sè ló máa fún un sí, á wá dà á lé èyí tó ti dì. Kó fi ìka méjì sílẹ̀ lókè, torí ọmú tó ń dì máa ń wú, á fọ́ ìgò. Ọjọ́ tó fún ti àkọ́kọ́ ni kó kọ sára rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 15 lọ kó tó dé báńkì. Ní Brasília, olú ìlú wọn, àwọn panápaná ló ń lọ kó o láti ilé dé ilé.

Ní báńkì, ojú àti imú ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Irun, ìdọ̀tí, òórùn ọṣẹ tàbí òórùn ẹja, gbogbo rẹ̀ di dídànù. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò kíkan, tí wọ́n ń pè ní Dornic. 1 ml omi ọmú, ẹ̀kán phenolphthalein kan (oògùn tó ń pa àwọ̀ dà), wọ́n á wá máa kán omi sodium hydroxide sí i díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. 0.01 ml kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé jẹ́ ìwọ̀n Dornic 1. Bó bá ti kọjá 8, wọ́n á dà á nù. Ìdí rẹ̀ ni pé kòkòrò tó ti pọ̀ jù ń jẹ ṣúgà inú ọmú, ó ń sọ ọ́ di kíkan, kálísíọ́mù inú rẹ̀ kò sì ní wúlò fún ọmọ tó yẹ mọ́. Ìdánwò yìí ò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ó sì ń fi hàn bí fírísà ìyá ṣe tutù tó, láìbi í. Wọ́n tún máa ń fa díẹ̀ sínú ọ̀pá tín-ín-rín, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i fún ìṣẹ́jú 15, wọ́n á wọn ọ̀rá tó bá léfòó. Èyí tí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ ni kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ tí kò sanra.

Ní Bìrìtìkó, ìlànà tí NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀, gbé jáde ní 2010 lo kíka kòkòrò ní tirẹ̀: bí kòkòrò bá lé ní 100,000 nínú 1 ml kí wọ́n tó gbé e kaná, wọ́n á dà á nù. Fún Staphylococcus aureus, kòkòrò kan tó ń tú májèlé sínú oúnjẹ, 10,000 péré ni. Àwọn kan á ní ṣé iná ò ní pa á ni? Iná á pa kòkòrò náà, àmọ́ májèlé tó ti tú sínú ọmú ò bá iná lọ. Ọmú tó ti bàjẹ́ kò ṣeé fi iná tún ṣe.

Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Holder ni ti gbígbóná rẹ̀: 62.5°C fún ìṣẹ́jú 30. Ìgò tó dọ́gba, tí omi ọmú inú wọn dọ́gba, ni wọ́n máa tò sínú omi gbígbóná, kí omi náà ga ju ọmú inú ìgò lọ. Ìgò kan ni wọ́n máa fi tẹmomítà sí láàárín, ojú ibẹ̀ ni kí òṣìṣẹ́ máa wò, kì í ṣe ìwọ̀n tí ẹ̀rọ ń gbé jáde lára. Ìgbà tí ìgò yẹn bá dé 62.5 ni ìṣẹ́jú 30 bẹ̀rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ kí o sì rọra mi ìgò. Bó bá ti pé, ó di inú omi yìnyín, kó lè wálẹ̀ sí 5°C kíákíá. Ẹni tó bá fi sílẹ̀ lórí tábìlì kó máa tutù lọ́wọ́ ara rẹ̀ ti pèsè ibùgbé fún ẹyin kòkòrò kan tó ń jẹ́ Bacillus cereus, tí 62.5°C ò pa. Kí ó tó lọ sí fírísà -20°C, wọ́n á mú díẹ̀ lára rẹ̀ fún ìdánwò ní láàbù. Ní Brasil, wọ́n á fi sínú ìgò omi oúnjẹ kòkòrò fún wákàtí 48 ní 36°C. Bí afẹ́fẹ́ bá yọ nínú rẹ̀, omi ọmú náà ti ṣòfò. Èyí tó bá yege lè wà nínú fírísà fún oṣù mẹ́fà.

Ooru yìí ń pa HIV, HTLV àti ọ̀pọ̀ kòkòrò inú ọmú. Ó sì ń mú nǹkan kan lọ pẹ̀lú. Èròjà inú ọmú tó ń bá ọmọ lọ ọ̀rá, gbogbo rẹ̀ ló ń kú. Nínú èròjà tó ń bá ọmọ bá kòkòrò jà, apá púpọ̀ nínú lactoferrin ń lọ, díẹ̀ nínú IgA náà ń lọ. Àwọn ṣúgà àrà ọ̀tọ̀ tó ń bọ́ kòkòrò rere inú ìfun kò lọ. Ẹ fi kún un pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọrẹ bí ọmọ tó pé oṣù, ó sì ti tó oṣù mélòó kan tí wọ́n bímọ. Purotéènì ọmú wọn ti wálẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù 0.9 nínú 100 ml. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé nílò gíráàmù 3.5 sí 4 lóòjọ́ fún kílò kan. Bó bá mu 160 ml fún kílò kan, 1.4 péré ló rí. Ìdí nìyí tí ọmọ tó ń mu ti ìtọrẹ nìkan kì í fi tètè wúwo. Bí ó bá ti ń mu 80 sí 100 ml fún kílò kan, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń da ìyẹ̀fun afúnlókun tí wọ́n ṣe fún omi ọmú mọ́ ọn. Gíráàmù 15 sí 20 fún kílò kan lójúmọ́ ni kí ìwúwo rẹ̀ máa fi pọ̀ sí i. Áyọ̀nù láti ọ̀sẹ̀ kejì, mg 2 sí 4 fún kílò kan, àti fítámì D, dókítà á kọ wọ́n. Ibi tí ìyẹ̀fun yìí ò bá sí, omi ọmú ìyá fúnra rẹ̀ tó jáde gbẹ̀yìn, èyí tí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, ni kí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un.

Ní wọ́ọ̀dù, ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù ni yíyọ́ àti gbígbóná. Gbé ìgò láti fírísà sínú fíríìjì kó yọ́ mọ́jú. Bó bá jẹ́ kíákíá, inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ju 37°C lọ, kí omi má dé ìdérí. Omi inú abọ́ tí wọ́n ti ń lò láti àárọ̀ ń gbé kòkòrò, ó sì ń rá wọ abẹ́ ìdérí. Máíkróweefù kò bọ́ sí i rárá, ó ń gbóná níbì kan ju ibì kan lọ. Láti ìgbà tó bá ti yọ́ tán, wákàtí 24 nínú fíríìjì, kò gbọdọ̀ dì mọ́. Ìwọ̀n tí ọmọ máa mu lẹ́ẹ̀kan nìkan ni kí ẹ fà jáde kí ẹ mú lọ́wọ́ọ́wọ́. Ṣàṣà ni ìgò 50 ml tí ọmọ kan máa mu tán ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà kí báńkì máa di ìgò kékeré.

Rọ́bà tí omi ọmú ń gbà láti imú wọ inú ọmọ: ìwọ̀n 5 tàbí 6 Fr (bí wọ́n ṣe ń wọn sísanra rọ́bà). Wọ̀n ọ́n láti imú dé etí, láti etí dé àárín ìdodo àti ìsàlẹ̀ egungun àyà. Fa omi díẹ̀ jáde kí o fi bébà pH, èyí tó ń fi kíkan hàn, yẹ̀ ẹ́ wò, 5.5 tàbí kó dín ni kó jẹ́. Má ṣe fi ọ̀pá sírínjì tì í. Yọ ọ̀pá náà, gbé sírínjì sókè, kí omi ọmú máa wọlé fúnra rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 20. Bí ẹ̀rọ bá ń tì í díẹ̀díẹ̀, kí ẹnu sírínjì kọjú sókè, torí ọ̀rá ń léfòó: bí ẹnu bá wà nísàlẹ̀, inú sírínjì ni ọ̀rá tí ọmọ nílò jù máa kù sí.

Fún ọmọ 1,200 gíráàmù wa: 2 ml ní wákàtí méjì-méjì ní ọjọ́ kìíní, 5 ní ọjọ́ kejì, 8, 11, 14, àti 17 ní ọjọ́ kẹfà. Ìyẹn ń fi 30 ml fún kílò kan kún un lójúmọ́, ó sì gbé e dé 170 ml fún kílò kan. Ọmọ tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè máa fi 20 kún un. Kí wọ́n dúró, kí wọ́n pe dókítà, bí ikùn bá wú tó sì le, bí èébì bá dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ewé, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ọmọ bá ń gbàgbé láti mí tàbí tó dẹ̀ rọ̀jọ̀. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́: omi díẹ̀, omi glúkóòsì, àgbo, kò sí èyí tó gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ yìí.

Ọ̀rọ̀ iná. Fírísà tó kún dáadáa lè mú nǹkan dì fún nǹkan bí ọjọ́ méjì láìsí iná bí ẹ ò bá ṣí i. Èyí tó kún dé ìdajì, ọjọ́ kan. Àyè tó bá ṣófo, ẹ fi pure water tó ti dì kún un. Tẹmomítà gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀, kí ẹnì kan sì máa kọ ìwọ̀n rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ọmú tó ti dì bá yọ́ tán tí iná sì dé lẹ́yìn rẹ̀, kò sí àtúndì. Ó dun ni láti da omi ọmú nù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ikùn ọmọ kékeré ló máa san gbèsè àánú yẹn.

Nígbà àtijọ́, bí ìyá bá kú lórí ìkúnlẹ̀, obìnrin mìíràn nínú agboolé á fún ọmọ lọ́mú, a sì mọyì wọn. Ṣùgbọ́n omi ọmú tútù láti ọwọ́ ẹni tí ẹ rí lórí WhatsApp, ẹ má gbà á fún ọmọ yìí, bó ti wù kó ṣe onínúure tó. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò nígbà oyún ti pẹ́, a ò mọ bí fírísà rẹ̀ ṣe rí, ẹni tó sì ń tà á lè fi omi lú u. Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn kan ń gbé kiri: ìgò gíláàsì tí 50 sí 150 ml wà nínú rẹ̀, tí wọ́n gbé sínú ìkòkò omi, omi ga ju ọmú lọ ní ìka méjì, bí omi bá ṣe ń hó gùdùgùdù ni wọ́n á yọ ìgò. Omi ọmú ìyá ọmọ fúnra rẹ̀, bó bá ní HIV, ni wọ́n ṣe é fún, fún ìgbà díẹ̀, lábẹ́ ojú nọ́ọ̀sì. Kì í sọ omi ọmú ẹni tí a ò yẹ̀ wò di ti báńkì.

Àwọn òbí Mùsùlùmí ní ìbéèrè tó tọ́, ẹ má fojú kéré rẹ̀: ọmú ń sọ ọmọ di ọmọ ìyá, kò sì ní bá àwọn ọmọ ìyá yẹn fẹ́ra. Nínú ìlànà Màlíkì tí ọ̀pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, díẹ̀ tó. Àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò: Yusuf al-Qaradawi, onímọ̀ ẹ̀sìn ará Íjíbítì, fọwọ́ sí báńkì omi ọmú ní 1983, ìgbìmọ̀ Fíkíhì (òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù) ní Jeddah kọ̀ ọ́ ní 1985, ní 2024 sì ni wọ́n dá báńkì kan dúró ní Karachi, ní Pakistan, lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ohun tí ilé ìwòsàn lè ṣe ni pé kí wọ́n má ṣe da ọmú ìyá méjì pọ̀, kí ọmọ kan gba ti ìyá kan, kí ìdílé méjèèjì mọ orúkọ ara wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n bá òbí àti àáfà wọn sọ̀rọ̀ kí rọ́bà tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Bí omi ọmú ìyá bá ti ń dé, tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ni ọmọ kọ́kọ́ ń mu, lẹ́yìn rẹ̀ èyí tó ti fún sílẹ̀, ti ìtọrẹ ló gbẹ̀yìn láti fi dí ohun tó kù. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32, ọmọ lè máa lá a nínú kọ́ọ̀bù kékeré. Ní nǹkan bí 34, á lè máa mu ọmú kí ó gbé e mì kí ó sì mí láìdà á rú. Ìgbà yẹn náà ni ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ń dá ti ìtọrẹ dúró. Bó bá jẹ́ pé wàrà agolo ló máa rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ìyá ò sí tàbí ọmú rẹ̀ ò tó, ẹ má yí i padà lọ́jọ́ kan: ìfúnnijẹ méjì lójúmọ́ ni kí ẹ máa pààrọ̀, kí ẹ sì máa wo ikùn àti ìgbẹ́ ọmọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń tú ìlédìí rẹ̀.